Búlúù Fún Ohun Tí Ojú Rí

Bí ẹ bá sọ fún Bàbá àgbà pé òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Bí ọwọ́ náà bá tutù, á wo ojú ọ̀run, á wo agogo ọwọ́ rẹ̀, á wá sọ pé, "Òótọ́ ni. Òjò ń rọ̀, láti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin." Kì í ṣe pé ó ń pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ó kàn gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ẹlòmíràn wá, ẹlòmíràn ló ni ín. Láti ọdún 1999, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, títí di ọdún 2011 tó fi wá sílẹ̀, òun ni ìjọ Presbyterian wa kékeré ní Marcory, ní ìlú Abidjan, gbẹ́kẹ̀ lé láti kéde ẹni tó bímọ, ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó yege ìdánwò àti ẹni tó kú. Òun nìkan ni, àfi oṣù mẹ́ta kan tí mà á sọ ìtàn rẹ̀.

Pointeur ni Bàbá àgbà ní port Abidjan fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ pointeur ni pé kí ó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi, kí ó máa fàmì sí ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tó bá fojú rí, bíìrò búlúù. Ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ àmọ́ tí kò tíì kanlẹ̀, bíìrò pupa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó bíìrò méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ìkéde rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, gbogbo wọn jẹ́ cahier olójú-ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, mo sì ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó fojú ara rẹ̀ rí wà níbẹ̀ ní búlúù. Ohun tí wọ́n sọ fún un wà níbẹ̀ ní pupa. Pupa kì í dé iwájú ìjọ. Ó kọ òfin náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ lè gbàgbé: "Àpótí tí o kò bá rí, má fi búlúù kàn án."

Orí òkè ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti páànù ni ìjọ wa wà. Bẹ́ǹṣì mẹ́rìnlá, fáànù méjì, ọ̀kan nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ Ghana tí Bàbá àgbà bá ṣiṣẹ́ ní port ló dá a sílẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́njú, àwa Yorùbá ti pọ̀ jù wọ́n lọ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ lẹ́tà láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé irú ìjọ wo ló ń jẹ́ Presbyterian, tí kò sí irú rẹ̀ nínú ẹbí wa rí, gbólóhùn kan ni Bàbá àgbà fi dá a lóhùn: "Èyí tí kò jìnnà sílé ni."

Pásítọ̀ wa, ọmọ Ghana ni, Faransé ló fi ń wàásù. Ìkéde nìkan ni wọ́n ń fi Yorùbá ṣe. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan, tí a gbọ́ Yorùbá ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ, ibẹ̀ la ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe aṣọ ìkélé, egbò adáàjinná àti àna nítorí pé Bàbá àgbà ti kéde gbogbo wọn. Mo máa ń fi agogo wo bí ìkéde rẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Èyí tó kúrú jù lọ gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kan, Pásítọ̀ fẹ̀sọ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ni mo ń túmọ̀.

"Bàbá, ìwàásù mi kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìkéde yín ń lọ sí ogójì."

Bàbá àgbà rò ó dáadáa kó tó fèsì. "Sọ fún un pé ìròyìn tirẹ̀ ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Tèmi, ti àná ni."

Gbogbo ọjọ́ Sátidé, láago méje àárọ̀, Bàbá àgbà á wọ bàtà dúdú, á mú agboòrùn, á kó bíìrò méjì sápò àyà, a ó sì jáde lọ kó ìròyìn. Treichville, Adjamé, títí dé Abobo. Kì í gba ìròyìn lórí fóònù. Bí wọ́n bá ní ìyàwó ilé kan bímọ, ó gbọ́dọ̀ rí ọmọ náà.

"Ó ń sùn, Bàbá," ni wọ́n máa ń sọ.

"Mi ò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Nígbà tí èmi fúnra mi yege bac, ìdánwò àṣejáde girama, mo sáré wá sílé, mò ń pariwo, màmá mi ń jó. Bàbá àgbà kò jó. Ó wọ bàtà dúdú, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa, ó dúró níwájú ògiri tí wọ́n lẹ èsì mọ́, ó wá orúkọ mi rí, ó sì fi ìka kàn án. Ìgbà tó padà dé ló tó gbé mi mọ́ra. "Wàyí o, Àṣàkẹ́," ló wí, "o ti yege."

Kò sí ohun tó kéré jù fún ìkéde rẹ̀. Mo rí èyí nínú ìwé kẹrin, ní búlúù, mo sì rántí ohùn tó fi kà á: "Agboòrùn dúdú kan wà lọ́wọ́ mi, igi rẹ̀ ti dá. Ẹni tó ni ín mọ ara rẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kó wá fúnra rẹ̀ ni." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kà á, títí ẹni náà fi dìde láàárín ìsìn tó lọ gba agboòrùn rẹ̀, tó dorí kodò.

Àṣà yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Alàgbà Àlàó, olórí ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà wa. Jẹ̀díjẹ̀dí mú Alàgbà, ó sì bẹ Bàbá àgbà pé kí ó fi ọ̀rọ̀ àdúrà sínú ìkéde, kí ó má dárúkọ àìsàn. Bàbá àgbà ṣèlérí, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ohun tó kà ni: "Ẹ gbàdúrà fún Alàgbà Àlàó. N kò ní dárúkọ ohun tó ń ṣe é. Mo ṣáà rí i pé kò lè jókòó." Gbogbo ìjọ yíjú sí Alàgbà Àlàó, tó fẹ̀yìn ti ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn. Nígbà tó wá bínú sí i lẹ́yìn náà, ó ya Bàbá àgbà lẹ́nu gan-an ni. "Alàgbà, ṣé mo purọ́?"

Ó tó àkókò kí n mú Màmá Abobo wọlé. Àdùnní lorúkọ rẹ̀, àmọ́ àdúgbò tó ń gbé la fi ń pè é. Òwú, sípì àti bọ́tìnnì ló ń tà ní ọjà Adjamé. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kéré sí Bàbá àgbà, kò sì sẹ́ni tí kò bá a jà rí nínú ìjọ, láti orí Pásítọ̀ dé orí fáànù tí kò ṣiṣẹ́. Kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì ní àkókò. Gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, láti Abobo sí Adjamé, wôrô-wôrô, takisí àjùmọ̀wọ̀, láti Adjamé sí Marcory: àárín ìkéde ló máa ń wọlé, tí bàtà rẹ̀ á máa dún ko, ko, ko, tí Bàbá àgbà á dúró, á wò ó lókè awò ojú títí tó fi jókòó. Á ní, "A kú oríire. Àdùnní ti dé." Òun náà á ní, "Ẹ máa kà á lọ, Bàbá, mi ò tíì gbọ́ orúkọ ara mi."

Ọjọ́ kan dé tó gbọ́ ọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Sátidé ni, a dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá tí Màmá Abobo ń gbé, a sì rí i pé wọ́n ti ta bâche sí i. Bâche ni aṣọ òjò ńlá tí wọ́n máa ń fi ṣíji bo àwọn tó bá wá kí ẹbí òkú. Àga oníke wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin jókòó, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Ṣadé, ọmọ Màmá, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, ó ń sunkún. Ní Abidjan wa níbí, ẹ kì í bi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé ta ló kú. "Yako" lẹ ó sọ, ìyẹn ẹ kú ìrọ́jú, ẹ ó jókòó, ẹ ó dákẹ́. Bàbá àgbà ṣí fìlà.

"Yako, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an ni."

A jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n fún wa lómi, a mu ún. Nínú gbaka tí a wọ̀ padà, Bàbá àgbà mú ìwé rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rí i tó ń ṣí bíìrò búlúù.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ rí Màmá ni?"

"Mo rí bâche. Mo rí ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún. Kí ló tún kù?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kò ka ìkéde míì ṣáájú rẹ̀. Ó ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé kọ ọ́, ojú ewé kan gbáko. "Arábìnrin wa Àdùnní ti fi wá sílẹ̀," ló kà. "Ẹni àlàáfíà ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí." Ìjọ kùn díẹ̀. "Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù." Ẹnì kan wúkọ́. "Ní gbogbo ọdún tó fi wà pẹ̀lú wa, kò pẹ́ dé ilé Ọlọ́run rí."

Ko, ko, ko.

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Abobo dúró síbẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ apá, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Àwọn tó wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn figbe ta. Ẹnì kan bẹ́ gba orí bẹ́ǹṣì. Pásítọ̀, tí kò gbọ́ Yorùbá, rò pé ìkéde náà ló wọ̀ wọ́n lọ́kàn, ó ní, "Àmín."

Bàbá àgbà sọ awò ojú kalẹ̀. "Àdùnní. Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, àbí kí n padà?" Ó wo ìjọ yíká, ó sì yé e kíákíá, nítorí orí rẹ̀ pé. Bàbá arúgbó ẹ̀yà Júlà kan tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá, tó mú Ṣadé bí ọmọ, ló kú. Màmá fúnra rẹ̀ ti lọ ra ìrẹsì fún àwọn àlejò lọ́jọ́ tí a débẹ̀. "Ẹ máa kà á lọ, Bàbá. Ibi tó dùn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn."

Kò lè kà á mọ́. Màmá Abobo bá lọ síwájú, ó fa ojú ewé náà ya kúrò nínú ìwé, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀. "Èmi ni mo ni ín," ló wí. "Ta ló mọ̀ bóyá ẹ ó tún lè purọ́ dídùn báyìí lọ́jọ́ tí mo bá kú lóòótọ́?"

Ìdí nìyẹn tí ojú ewé kan fi dín nínú ìwé kẹjọ. Bàbá àgbà kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo gbé ìrẹsì lọ bá a, ó ń wo ibi tí wọ́n ti ya ìwé. "Bâche ni mo rí, Àṣàkẹ́. Òkú kọ́ ni mo rí."

Ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gba ìkéde lọ́wọ́ rẹ̀. Alàgbà Àlàó, tí ọ̀rọ̀ ìjókòó kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀, ló gbà á. Faransé ló fi ń kà á, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kì í sì í dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ọ̀rọ̀ ẹni jẹ́ ti ẹni. "Ìdílé kan láàárín wa ń retí wa fún ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé." Ìdílé wo? Níbo? Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lọ. Lọ́jọ́ kejì, bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ gbé kúlà ìrẹsì mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tò wọ́n síwájú, wọ́n ní kí ìjọ wá jẹ ohun tí wọ́n fi ṣòfò. Bàbá àgbà jókòó sẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta ni kò fi sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ara rẹ̀ sì ti ń rù. Màmá Abobo ló dìde, pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́.

"Ẹ dá Bàbá padà o. Bàbá pa ẹnì kan péré, èmi náà sì rèé. Ìkéde tiyín ti fẹ́ pa gbogbo ìjọ."

Wọ́n dá a padà lọ́sẹ̀ kejì.

Mo lè dúró níbẹ̀, kí n máa sọ nípa fìlà rẹ̀, nípa bó ṣe ń bá rédíò jiyàn. Àmọ́ ìwé kejìlélógún ni mo máa ń ṣí jù. Ọdún 2011 ni, nígbà tí ìjà lẹ́yìn ìdìbò bẹ́ sílẹ̀, tí ìbọn ń dún láàárín ìlú. Gbaka kò lọ Abobo mọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ ń sá, ìjọ wa sì ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá àgbà ti wú nígbà yẹn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó pe ilé gbogbo tí a mọ nọ́ńbà wọn, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pupa. Nígbà tí a tún ṣí ilẹ̀kùn, àwa mọ́kàndínlógún la wá. Bàbá àgbà ti fi ọ̀pá tilẹ̀ yí Marcory ká kí ọjọ́ náà tó dé, ó ka orúkọ àwọn tó ti rí. Fóònù Màmá Abobo kò lọ. Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Àlàó wá bá a.

"Bàbá, ẹnì kan tó ti Abobo wá ní Màmá Abobo ti kú. Ẹ bá wa kéde rẹ̀, kí a ṣe ìsìn ìrántí fún un."

"Ṣé ẹni náà rí i?"

"Ó rí ilé rẹ̀. Ilé ti dahoro."

"Ilé kọ́ ni Àdùnní."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ ń fi ìrètí pa ìjọ lára."

"Mo ti pa á lẹ́ẹ̀kan," ni Bàbá àgbà wí. "Mi ò ní pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti wà ní port: ó ka pupa síta. "Èyí tí mo fẹ́ kà yìí, pupa ni. Àdùnní, Abobo: n kò tíì rí i." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kà á bẹ́ẹ̀. Mo ti ka àwọn ìlà náà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára dọ́gba. Lẹ́yìn ẹ̀kẹfà, Alàgbà Àlàó sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù pé bó bá di ọ̀sẹ̀ keje tí Bàbá kò bá kéde rẹ̀, òun á kéde rẹ̀ fúnra òun. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí ìwé náà nínú àpò rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ keje, Bàbá àgbà kò fẹ́ dé orí ìlà Abobo. Ó ka ẹni tó ń ṣàìsàn, ó ka ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ó ka iye ọjọ́ tí òjò fi rọ̀. Ó kéde pé máńgòrò ti dé, ó sọ adùn rẹ̀. Ó kéde agboòrùn kan tí gbogbo wa mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ó kéde ìgbọ̀nwọ́ mi tí mo fi gbá tábìlì. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, èyí tó gùn jù lọ láyé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alàgbà Àlàó wúkọ́, ó dìde, ó fọwọ́ sápò.

Ko, ko, ko.

Òun ni. Ó ti rù, bàtà rẹ̀ kan kò bá èkejì mu, Ṣadé sì dì í lápá mú. Ọ̀dọ̀ ìbátan wọn kan ní ìlú Bonoua ni wọ́n sá lọ, tí wọn kò rí ọ̀nà padà, tí fóònù sì ti sọ nù lójú ọ̀nà. A kò tíì mọ ìyẹn nígbà náà. Màmá Abobo wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ó tún báàgì rẹ̀ gbé kọ́ apá.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Gbaka ló pẹ́."

Bàbá àgbà wò ó lókè awò ojú. Ó dá bíìrò pupa padà sápò, ó mú búlúù, ó ṣí i, ó sì kọ̀wé níwájú gbogbo ìjọ, láìkánjú. Nígbà náà ló gbé orí sókè, omi lójú rẹ̀, ó kà á: "Àdùnní, Abobo: mo rí i. Ó pẹ́ dé."

Bàbá àgbà kú lóṣù kọkànlá ọdún náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lórí ibùsùn rẹ̀, bàtà dúdú lábẹ́ ibùsùn. Alàgbà Àlàó wá sílé wa láti kọ ìkéde. Kò tíì kọ ìlà kan tí Màmá Abobo fi wọlé.

"Ta ló rí i?" ló bèèrè.

"Màmá, gbogbo ilé ló rí i," ni mo wí.

"Mi ò bi yín bóyá ilé rí i. Wọ́n ti kéde èmi náà rí." Ó wọ yàrá, ó ní kí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi jókòó tì í. Ohun tó bá a sọ, èmi kò gbọ́. Nígbà tó jáde, ó na ọwọ́ sí mi. "Àṣàkẹ́, mú bíìrò rẹ̀ wá. Búlúù."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó dé kí Pásítọ̀ tó dé. Nígbà tó tó àkókò ìkéde, ó lọ síwájú, ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó mú ojú ewé kan tó ti pọ́n lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Ó ti fi búlúù pa orúkọ kan rẹ́, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ohun tó kù.

"Bàbá wa pointeur ti fi wá sílẹ̀," ló kà. "Ẹni àlàáfíà ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

Alàgbà Àlàó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo ìjọ, bẹ́ǹṣì kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ̀rín pẹ̀lú omijé. Pásítọ̀ ní, "Àmín." Lọ́tẹ̀ yìí, ó bọ́ sí i.

Màmá Abobo dúró títí a fi dákẹ́. Ó ká ojú ewé náà, ó fi í sí àyè rẹ̀ nínú ìwé kẹjọ tó ti ní kí n mú wá, ó fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ó yíjú sí ìjọ.

"Bâche kọ́ ni mo rí o," ló wí. "Òun gan-an ni mo rí."